Ojú Lalákàn Fi Ń Ṣọ́rí: Ipa Tí Ó Yẹ Kí Ará Ìdálẹ̀ Kó Nínú Ààbò Àdúgbò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Òwe yìí kò ṣòro láti túmọ̀, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti mú lò fún ẹni tí ó ń gbé ní ìdálẹ̀. Nígbà tí a wà nílé, ojú púpọ̀ ni ó ń bá wa ṣọ́ orí wa. Agbo ilé kọ̀ọ̀kan ní baálé, àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní olórí, ọdẹ sì ń rìn kiri lóru. Bí àjèjì bá yọ lójú ọ̀nà, kò ní kọjá ilé mẹ́ta kí ẹnì kan tó bi í pé, "Ta ni ẹ ń wá o?" Bí ọmọdé bá sọnù lọ́jà, ìyá ẹlòmíràn ni yóò fà á lọ́wọ́ wálé. Kò sí ẹni tí ó sanwó fún irú ààbò bẹ́ẹ̀. Mímọ̀ tí a mọ ara wa ni ó mú un wá.

Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ti kọjá odò Ọya, ọ̀rọ̀ a yí padà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò mọ orúkọ ẹni tí ògiri ilé rẹ̀ fara kan tiwa. A ra àgádágodo ńlá, a mọ odi yí ilé ká, a sì gba mẹ́gáàdì sẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀dọ̀ àwọn Haúsá gan-an ni a ti yá ọ̀rọ̀ náà, mẹ́gáàdì. Ẹni tí ń ṣọ́ nǹkan ni ìtumọ̀ rẹ̀. Kò sí ohun tí ó burú nínú gbígba mẹ́gáàdì, àmọ́ ẹnì kan ṣoṣo tí ó jókòó sẹ́nu géètì kò lè ṣọ́ ojú pópó tí ọmọ wa ń gbà lọ sí ilé ìwé, kò sì lè ṣọ́ ọjà tí ìyàwó wa ti ń tajà.

Ohun tí a fẹ́ sọ lónìí kò ju ẹyọ kan lọ. Ẹni tí àdúgbò bá mọ̀ ni àdúgbò ń dáàbò bò. Ará ìdálẹ̀ tí ó bá dá wà, tí kò lọ sí ìpàdé àdúgbò, tí kò mọ olórí àdúgbò, tí kò sì mọ ọ̀nà àgọ́ ọlọ́pàá, ó dà bí ẹni tí ó sun ìta ní àárín ilé ara rẹ̀.

BÍ ÀṢÀ ÀDÁGBÉ ṢE BẸ̀RẸ̀

Ó yẹ kí á mọ̀ pé àṣà àdágbé yìí ní ìtàn. Ní ọdún 1911 ni ojú irin dé Kánò. Pẹ̀lú rẹ̀ ni àwọn akọ̀wé, àwọn oníṣẹ́ rélùwéè àti àwọn oníṣòwò láti apá gúsù ilẹ̀ yìí rọ́ dé. Ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò fẹ́ kí àwọn àlejò wọ̀nyí máa gbé nínú odi ìlú àtijọ́, nítorí náà ni wọ́n ṣe pín ilẹ̀ ọ̀tọ̀ fún wọn. Ibẹ̀ ni a mọ̀ sí Sábọ̀n-Gàrí, èyí tí í ṣe ìlú tuntun ní èdè Haúsá. Irú rẹ̀ wà ní Saria àti ní àwọn ìlú mìíràn pẹ̀lú. Láti Ògbómọ̀ṣọ́, láti Ọ̀fà, láti Ìlọrin àti láti ọ̀pọ̀ ìlú wa mìíràn ni àwọn baba wa ti wá ṣòwò sí Kánò, Jọ́ọ̀sì àti Kàdúná.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti lọ láti ọdún 1960, ṣùgbọ́n odi tí wọ́n mọ sí ọkàn wa kò tíì wó tán. Títí di òní, a rí ẹni tí ó ti lo ọgbọ̀n ọdún ní ìlú kan tí kò tíì wọ ilé olórí àdúgbò rẹ̀ rí. Ìpàdé ọmọ ìlú rẹ̀ nìkan ni ó mọ̀. Ìpàdé yẹn dára, a kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ó tú ká, ṣùgbọ́n olè tí ó ń bọ̀ lóru kò ní béèrè ìlú tí a ti wá kí ó tó ja ilẹ̀kùn. Iná tí ó bá sì mú ìsọ̀ Haúsá, wákàtí kan kò ní pé kí ó tó dé ìsọ̀ Yorùbá.

ÒFIN WÀ LẸ́YÌN WA

Àwọn kan yóò wí pé, "Àwa kì í ṣe onílẹ̀ níbí, ta ni yóò gba ọ̀rọ̀ wa wọlé?" A bọ̀wọ̀ fún irú èrò bẹ́ẹ̀, nítorí ojú ti rí nǹkan. Síbẹ̀, ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, ní ẹsẹ 41, fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ láti rìn káàkiri ilẹ̀ yìí àti láti máa gbé ní ibikíbi tí ó bá wù ú. Ẹsẹ 15 nínú ìwé kan náà sì rọ ìjọba pé kí ó rí i dájú pé ẹni tí ó fi ibì kan ṣe ibùgbé rí ẹ̀tọ́ olùgbé gbà níbẹ̀ ní kíkún. Ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ olùgbé sì ní ojúṣe olùgbé. Bí a bá fẹ́ kí wọ́n kà wá mọ́ ará àdúgbò, a níláti ṣe iṣẹ́ ará àdúgbò.

Ìwé òfin náà tún wí pé ẹgbẹ́ ọlọ́pàá kan ṣoṣo ni yóò wà ní gbogbo orílẹ̀-èdè yìí. Èyí ni ó fi jẹ́ pé ọlọ́pàá tí a gbé wá sí àgọ́ àdúgbò wa lè jẹ́ àlejò bí i tiwa, tí kò mọ kọ̀rọ̀ tí àwọn jàgùdà ń sá pamọ́ sí. Bí àwa tí a ń gbé ibẹ̀ kò bá fi ọ̀nà hàn án, báwo ni yóò ṣe mọ̀ ọ́n?

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin ọlọ́pàá tuntun, èyí tí ó rọ́pò òfin tí ó ti wà láti ọdún 1943. Apá kan nínú òfin tuntun náà dá lórí bí ọlọ́pàá àti aráàlú yóò ṣe jọ máa pawọ́ pọ̀ ṣọ́ àdúgbò. Ó fi àyè sílẹ̀ fún àwọn tí yóò yọ̀ǹda ara wọn láti inú àdúgbò láti ran ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ṣáájú èyí, láti àwọn ọdún 1980, ni ìgbìmọ̀ àjọṣepọ̀ ọlọ́pàá àti aráàlú, tí a mọ̀ sí PCRC, ti wà. Ìgbìmọ̀ yìí a máa ní ẹ̀ka ní àwọn àgọ́ ọlọ́pàá, níbi tí aráàlú ti ń bá ọ̀gá àgọ́, ẹni tí a ń pè ní DPO, jókòó láti sọ ohun tí ń dun àdúgbò. Kò sí òfin kan tí ó ní kí Yorùbá má jókòó níbẹ̀. Àìlọ wa ni àga wa fi ṣófo.

OHUN TÍ A LÈ ṢE

Èkínní, ẹ jẹ́ kí á mọ olórí àdúgbò. Ní ilẹ̀ Haúsá, Mai-Unguwa ni wọ́n ń pè é. Òun ni ó wà lábẹ́ Hakimi, tí í ṣe olórí ẹkùn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni ọlọ́pàá kọ́kọ́ ń lọ bí wọ́n bá ń wádìí ẹnì kan. Bí ó bá mọ̀ wá, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lè yọ wá nínú ẹ̀sùn tí a kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Bí kò bá mọ̀ wá, kí ni yóò wí? Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé àdúgbò, kí ó wá àgbà Yorùbá kan tí yóò mú un lọ kí i. Ẹni tí ó ti pẹ́, kí ó máa yọjú sí i nígbà ọdún, nígbà ìsọmọlórúkọ àti nígbà ìsìnkú. Bí ẹ bá kọ́lé tí ẹ sì ń gba ayálégbé, ẹ béèrè orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ àti ẹni tí yóò dúró fún un, kí ẹ sì fi tó Mai-Unguwa létí. Ní àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn, orúkọ oyè náà lè yàtọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò yàtọ̀.

Èkejì, ẹ jẹ́ kí á mọ ilé mẹ́wàá, márùn-ún lápá ọ̀tún, márùn-ún lápá òsì. Kí á mọ orúkọ baálé wọn àti nọ́ńbà tẹlifóònù wọn, kí àwọn náà sì mọ tiwa. Èdè kò gbọdọ̀ dí wa lọ́wọ́. Ẹni tí ó lè ná ọjà ní Haúsá lè kí aládùúgbò rẹ̀ ní Haúsá. Àwọn ìyá wa ni ó sábà máa ń ṣe èyí ju àwọn ọkùnrin lọ, nítorí wọ́n ń pàdé níbi ẹ̀rọ omi àti lójà. Nítorí náà, kí a má ṣe máa lé àwọn obìnrin sẹ́yìn nígbà tí a bá ń pe ìpàdé ààbò.

Ẹ̀kẹta, kí ìpàdé ọmọ ìlú kọ̀ọ̀kan fi ọ̀rọ̀ ààbò kún ohun tí wọ́n ń jíròrò lóṣooṣù. Kí wọ́n yan ọkùnrin kan àti obìnrin kan tí yóò máa lọ sí ìjókòó ìgbìmọ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá, tí yóò sì máa padà wá jábọ̀. Kí wọ́n ní ìwé kan tí orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wà nínú rẹ̀, kí ó lè rọrùn láti ka ara wa bí ọ̀ràn bá ṣẹlẹ̀. Bí a bá ń lọ rí DPO fún ìgbà àkọ́kọ́, kí á má ṣe dá lọ. Kí á bá olórí àwọn Yorùbá ìlú náà lọ, ẹni tí àwọn onílẹ̀ ń pè ní Sarkin Yarbawa, kí á sì mú àgbà àdúgbò tí í ṣe onílẹ̀ kan mọ́ra. Ìgbà náà ni wọn yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àdúgbò ni a bá wá, pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀yà.

BÍ A Ó ṢE FI ỌWỌ́ SÍ IṢẸ́ Ẹ̀ṢỌ́

Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, àwọn ọ̀dọ́ a máa ṣọ́nà lóru. Àwọn Haúsá ń pè wọ́n ní 'yan banga. Àwọn kan nínú wa ń san owó ìdáwó wọn, wọ́n sì gbà pé ó parí síbẹ̀. Kò parí síbẹ̀. Kí àwọn ọ̀dọ́ tiwa náà bá wọn ṣọ́ ní òru tí ó bá kàn wọ́n. Nígbà tí ọmọ Yorùbá, ọmọ Haúsá, ọmọ Ígbò àti ọmọ Bíróòmù bá jọ gbé tọ́ọ̀ṣì rìn ní òru kan náà, kì yóò rọrùn kí ẹnikẹ́ni tó dá wọn níjà ní ọ̀sán.

A gbọ́ tí àwọn kan ń wí pé kí a dá ẹ̀ṣọ́ tiwa sílẹ̀ lọ́tọ̀, bí i ti Àmọ̀tẹ́kùn tí àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá dá sílẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2020. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe dán an wò. Òfin àwọn ìpínlẹ̀ wọ̀nyẹn ni ó gbé Àmọ̀tẹ́kùn ró, òfin náà kò sì kọjá ààlà wọn. Ẹ̀ṣọ́ ẹ̀yà kan ṣoṣo nínú ìlú onílùú, ẹ̀rù ni yóò dá sílẹ̀, kì í ṣe ààbò. Ẹni tí ó bá sì ní ìbọn láìní ìwé àṣẹ ti ṣẹ̀ sí òfin ohun ìjà ti ọdún 1959, ìbáà jẹ́ pé olè ni ó fẹ́ fi lé.

Ohun kan tún wà tí a kò gbọdọ̀ fojú fò dá. Òfin ìṣẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ọdún 2015, èyí tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ti ṣe irú rẹ̀, gbà kí aráàlú mú ẹni tí ó bá dẹ́ṣẹ̀ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kíá ni ó gbọ́dọ̀ fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Kò gbà kí a lù ú, kò gbà kí a dá a lẹ́jọ́ lójú pópó. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2012, àwọn ènìyàn kan ní Alúù, nítòsí Port Harcourt, mú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin ní ẹ̀sùn olè. Wọ́n lù wọ́n, wọ́n sì dáná sun wọ́n. Ní oṣù Keje ọdún 2017, ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ Rivers dájọ́ ikú fún ènìyàn mẹ́ta lórí ọ̀ràn náà. Ọlọ́pàá kan wà nínú wọn. Àjèjì ni ó sábà máa ń kú irú ikú bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí yóò yọjú láti wí pé, "Mo mọ̀ ọ́n." Àwa tí a jẹ́ àjèjì níbi tí a wà ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ kọ̀ ọ́.

ÌRÒYÌN ILÉ ÀTI EWU ÌDÁLẸ̀

Ewu kan wà tí ó jẹ́ ti ará ìdálẹ̀ nìkan: ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nílé lè wá bá a níbi tí ó wà. Ní oṣù Keje ọdún 1999, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàrin Yorùbá àti Haúsá ní Ṣàgámù ní àkókò orò. Àwọn Haúsá tí kò mọ nǹkan kan kú níbẹ̀. Nígbà tí ìròyìn náà dé Kánò, ìgbẹ̀san bẹ̀rẹ̀, àwọn Yorùbá tí kò mọ nǹkan kan sì kú. Àwọn tí wọ́n pa ní Kánò kò sí ní Ṣàgámù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ ọ̀nà Ṣàgámù rárá. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, nígbà tí irú ìjà bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ọjà Ṣáṣà ní Ìbàdàn, àwọn gómìnà mélòó kan gbéra láti Òkè Ọya, wọ́n wá bá Gómìnà Ṣèyí Mákindé ní Ìbàdàn, wọ́n sì jọ sọ̀rọ̀ ìrẹ́pọ̀. Ohun tí àwọn gómìnà ṣe lókè ni ó yẹ kí àwa náà ṣe nísàlẹ̀, kí ọjọ́ burúkú tó dé.

Nítorí náà, bí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ bá dé, kí á má ṣe fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn lórí tẹlifóònù kí á tó mọ òdodo rẹ̀. Àwòrán tí ó ti pé ọdún mẹ́wàá ni àwọn kan ń gbé kiri bí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lánàá. Kí àwọn àgbà wa tètè lọ bá Mai-Unguwa àti àwọn aṣáájú ẹ̀sìn, kí wọ́n bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá àwọn ọ̀dọ́ wọn sọ̀rọ̀. Kí àwa náà pe àwọn ọ̀dọ́ wa, kí á kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe fi ẹnu dá ohun tí ọwọ́ kò lè parí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a kò bá ti mọ Mai-Unguwa ṣáájú ọjọ́ náà, ọ̀nà ilé rẹ̀ yóò jìn jù lọ́jọ́ náà.

ỌṢẸ́ INÁ ÀTI ÌFITÓNILÉTÍ

Ààbò kì í ṣe ti olè nìkan. Ní oṣù Kẹta ọdún 2016, iná jó ọjà Sábọ̀n-Gàrí ní Kánò, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìsọ̀ ni ó sì lọ sí i. Ẹ jẹ́ kí àwọn tí ìsọ̀ wọn wà nítòsí ara wọn fi ẹnu kò pé ẹnikẹ́ni kò ní tọ́jú epo bẹntiróòlù sínú ìsọ̀, pé a ó máa pa iná ẹ̀lẹ́ńtíríìkì kí a tó ti ilẹ̀kùn, pé iyanrìn yóò wà nínú korobá ní ìgbà gbogbo, àti pé a kò ní fi ọjà dí ọ̀nà tí ọkọ̀ panápaná yóò gbà wọlé.

Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, nọ́ńbà pàjáwìrì orílẹ̀-èdè yìí ni 112, ìpè rẹ̀ kò sì gba owó. Síbẹ̀, kí á kọ nọ́ńbà àgọ́ ọlọ́pàá àti ti ilé iṣẹ́ panápaná tí ó súnmọ́ wa sára ògiri, níbi tí ọmọdé lè rí i kà. Bí a bá pè, kí á sọ ibi tí a wà kí á tó sọ ohunkóhun mìíràn, nítorí ìpè lè já. Lẹ́yìn náà, kí á sọ ohun tí a fojú rí, iye ènìyàn tí a rí, irú aṣọ tí wọ́n wọ̀, nọ́ńbà ọkọ̀ wọn àti ọ̀nà tí wọ́n gbà lọ. Kí á sọ ìwà, kí á má sọ ẹ̀yà. Ẹni tí ó bá wí pé, "Mo rí ọkùnrin méjì tí wọ́n ń fo odi ilé kan," ti ran ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ẹni tí ó wí pé, "Mo rí àwọn ẹ̀yà báyìí," kò sọ nǹkan kan, ó sì lè dá wàhálà sílẹ̀.

A mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba àwọn kan láti lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, nítorí wọ́n gbọ́ pé ẹni tí ó wá fẹjọ́ sùn lè di ẹni tí a tì mọ́lé. Kí irú wọn mọ̀ pé òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 kò gbà kí a mú ẹnì kan dípò ẹlòmíràn, àti pé òfin kò bu owó kankan lé gbígba ìdúró. Ẹni tí ẹ̀rù ṣì ń bà, kí ó gba ọwọ́ àwọn aṣojú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí á yan wọ́n.

Àwọn mìíràn yóò tún wí pé, "Àwa kò ní pẹ́ padà sílé." Ọ̀rọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ baba wa sọ, tí wọ́n sì bí ọmọ, tí ọmọ wọn bí ọmọ, ní ìdálẹ̀. Ilé dùn, àwa náà yóò sì relé lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n òru òní ni a ó sùn kí ọjọ́ náà tó pé, ìlú yìí ni a ó sì sùn sí. Bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò ní ráyè wọ ọ́. Kí oníkálukú lọ kí Mai-Unguwa àdúgbò rẹ̀ kí oṣù yìí tó parí, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì yan aṣojú rẹ̀ ní ìpàdé tí ń bọ̀. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí á rí ìjà olè àti ọṣẹ́ iná o.